Wúfà ínṣì 12 nínú Corolla: áńpílífáyà wo, àpótí wo?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, lápá Ìjàpò, Corolla 2006 ni mo sì ń gùn. Mo ti ra wúfà ínṣì 12 kan. 1400 wọ́ọ̀tì ni wọ́n kọ sí i lára, kọ́ìlì rẹ̀ (wáyà tí wọ́n yí ká tó ń ti awọ rẹ̀) jẹ́ méjì, 4 ọ́ọ̀mù (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́) ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó tà á fún mi ní àfi kí n wá áńpílífáyà 1400 wọ́ọ̀tì, pé bí mo bá fi kékeré gbé e, yóò jóná. Ríwáyà mi ní òun ní áńpílífáyà fọ́ọ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì (ẹlẹ́nu mẹ́rin) tòkúnbọ̀ kan nílẹ̀, 2000 wọ́ọ̀tì ni wọ́n kọ sí i, pé ìyẹn ti pọ̀ jù fún un. Kápẹ́ńtà náà ń bi mí bóyá kí òun dá ihò sí àpótí ni, tàbí kí òun dí i pa. Fújì àti orin ìyìn ni mò ń gbọ́ jù, amapiano lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò fẹ́ ná owó lẹ́ẹ̀mejì lórí ohun kan ṣoṣo. Kí ni kí n ṣe?”

Àbúrò mi, o kú ìnáwó. Èèyàn mẹ́ta ló ti gbà ọ́ nímọ̀ràn báyìí, kálukú wọn sì ń tọ́ka sí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ta wúfà ń wá ẹni tí yóò ta áńpílífáyà fún. Ríwáyà ń wá ọ̀nà tí ẹrù tó ti ń gba eruku ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yóò gbà lọ. Kápẹ́ńtà nìkan ló béèrè ohun tó yẹ kéèyàn béèrè, òun lo sì kó sí ìdí lẹ́tà rẹ. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ ni pé kí wúfà má jóná, kí owó má ṣòfò. Màá bá ọ dé ibẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ kó o mọ̀ láti ìsinsìnyí pé nínú gbogbo ọkọ̀ tí mo ti fi ọwọ́ mi kàn, àwọn tí ohùn wọn bàjẹ́ nítorí àpótí pọ̀ ju àwọn tó bàjẹ́ nítorí áńpílífáyà lọ fíìfíì.

Ká mú 1400 yẹn ná. Nọ́ńbà gàgàrà tí wọ́n ń kọ sára páálí, ti ìṣẹ́jú àáyá kan ni, ìyẹn ibi tí wúfà lè fara dà á dé bí ìlù kan bá ṣàdédé dún gbì. Iye tó lè fara dà bí o bá ń gbọ́ orin láti Àkúrẹ́ dé Ọ̀wọ̀ láìsinmi, RMS ni wọ́n ń pè é, inú ìwé pélébé tó wà nínú páálí ni wọ́n sì máa ń fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sí. Àwọn wúfà tí mo ti bá pàdé tí wọ́n kọ irú 1400 bẹ́ẹ̀ sí lára, 300 sí 400 wọ́ọ̀tì ni RMS ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wá ìwé náà. Bí kò bá sí ìwé, tí kò sì sí RMS níbì kankan lára páálí, mú un ní 300, má sì kọjá ibẹ̀.

RMS pàápàá kì í ṣe oúnjẹ tí wúfà gbọ́dọ̀ jẹ yó kó tó lè ṣiṣẹ́. Ibi tí ikùn rẹ̀ gbà dé ni. Fún un ní 100 wọ́ọ̀tì tó mọ́, yóò kọrin níwọ̀nba, kò ní jóná. Ibo wá ni ọ̀rọ̀ pé “kékeré a máa jó wúfà” ti wá? Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ẹni tó ra áńpílífáyà kékeré kì í gbà pé kékeré lòun rà. Yóò yí gain (bọ́tìnì tó ń pinnu bí áńpílífáyà ṣe máa gbé ohùn rédíò ga tó) dé òpin, yóò yí bass boost lé e, yóò tún yí rédíò sókè. Áńpílífáyà á máa tiraka láti gbé ìgbì ohùn tó ga ju òun lọ, apá rẹ̀ ò ní ká a, orí ìgbì náà á wá gé pẹrẹsẹ bí igi tí wọ́n fi ayùn rẹ́. Ìgbì tó gé lórí báyìí máa ń kó iná tó pọ̀ ju iye tí wọ́n kọ sára áńpílífáyà wọ inú kọ́ìlì, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, kọ́ìlì ò sì ní ráyè tutù. Ọmọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá bá mi, kò tíì lò ó tó oṣù kan. Kó tó sọ ohunkóhun ni mo ti gbọ́ òórùn, ó dà bí ìgbà tí ike àti gọ́ọ̀mù bá jọ ń jó. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ awọ wúfà náà wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ń ha gẹrẹgẹrẹ bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Kọ́ìlì ti wú nínú ihò mágínẹ́ẹ̀tì. Wúfà 200 RMS ni, áńpílífáyà tó jó o ò sì ju 150 lọ. Ẹni tó ta wúfà fún ọ ti rí irú ìyẹn rí, kò ṣáà mọ̀ pé ọwọ́ tó yí gain ló jó o.

Kó o tó ra áńpílífáyà èyíkéyìí, yá mítà, kó o wọn kọ́ìlì méjèèjì nígbà tí wáyà kankan ò tíì sí lára wọn. Èyí tí wọ́n pè ní 4 ọ́ọ̀mù, 3.2 sí 3.8 ló sábà máa ń wà lójú mítà. Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Bí ọ̀kan bá fún ọ ní 3.5 tí èkejì ò fún ọ ní nǹkan kan, ó ti já nínú, dá a padà fún ẹni tó tà á lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn náà, mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5 fóòtì, fi ojú pósítíìfù rẹ̀ kan pósítíìfù kọ́ìlì kìíní, kó o fi nẹ́gẹ́tíìfù kan nẹ́gẹ́tíìfù. Awọ wúfà yẹ kó yọ síta díẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkejì. Bí ọ̀kan bá ń yọ síta tí èkejì ń wọlé, a jẹ́ pé wọ́n kọ àmì ọ̀kan lódì. Bí o bá so wọ́n bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn jà, ìwọ á sì máa bá ríwáyà jà pé bass ò jáde.

Kọ́ìlì méjì tó jẹ́ 4 ọ́ọ̀mù ò lè fún ọ ní 4 lójú kan ṣoṣo. So pósítíìfù mọ́ pósítíìfù, nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù, 2 ọ́ọ̀mù lo ní. So wọ́n tẹ̀ léra, kí nẹ́gẹ́tíìfù ọ̀kan kan pósítíìfù èkejì, 8 lo ní. Ibí ni fọ́ọ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì ríwáyà rẹ ti kọsẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ kí irú áńpílífáyà bẹ́ẹ̀ gbé wúfà, yóò so ẹnu méjì rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì fẹ́ rí ohun tó kéré sí 4 ọ́ọ̀mù bí wọ́n bá so wọ́n bẹ́ẹ̀. Gbé 2 fún un, yóò gbóná, yóò máa pa ara rẹ̀, yóò tún máa jí, títí ọjọ́ kan tí kò ní jí mọ́. Gbé 8 fún un, kò ní gbóná, ṣùgbọ́n agbára tó máa mú jáde á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti 4. Ọgbọ́n kan wà tí n kò ní fi pa mọ́ fún ọ: so ẹnu kìíní àti ìkejì pọ̀ fún kọ́ìlì kan, so ìkẹta àti ìkẹrin pọ̀ fún kọ́ìlì kejì. Bẹ́ẹ̀, ojú méjèèjì á rí 4 ọ́ọ̀mù. Ó ń ṣiṣẹ́, mo ti ṣe é fún ẹni tí kò lówó àtira òmíràn. Àmọ́ gain ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, ohùn kan náà ló sì gbọ́dọ̀ wọ ìhà méjèèjì. Bí ọwọ́ ọmọ kékeré bá lọ yí ọ̀kan nínú búùtù, kọ́ìlì kan á máa ru ẹrù èkejì.

2000 tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ńkọ́? Má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wo fíúsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ń gbà wọlé. Ká ní 30A (ámpíà, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) méjì ló wà níbẹ̀, àpapọ̀ 60A nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, iná rẹ̀ máa ń wà láàárín 13.8 sí 14.4 fóòtì. 60 lọ́nà 13.8 jẹ́ 828 wọ́ọ̀tì. Ìyẹn ni iná tó lè wọlé láìjẹ́ pé fíúsì já. Áńpílífáyà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní class AB máa ń sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ìdajì iná tó bá wọlé di ooru, nítorí náà ohun tó lè mú jáde fún ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀ ò ju bíi 450 lọ. Bí 30A kan ṣoṣo ló wà lára èyí tí wọ́n kọ 2000 sí, 414 wọ́ọ̀tì ló wọlé, kò sì sí oṣó tó lè mú 2000 jáde níbẹ̀ fún orin kan gbáko. Mo ti fi ìṣirò yìí dá ọjà padà lójú ẹni tó ń tà á, ẹ̀rín ló rín.

Ohun tí màá rà bí mo bá jẹ́ ìwọ ni mónò, ìyẹn áńpílífáyà ẹlẹ́nu kan, irú tí wọ́n ń pè ní class D, tí wọ́n kọ ọ́ ní kedere pé ó ń mú 300 sí 400 wọ́ọ̀tì RMS jáde ní 2 ọ́ọ̀mù. Class D máa ń lo iná dáadáa, nǹkan bí 80 nínú 100 ló ń di ohùn. Fíúsì 40A tàbí 50A lára rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yẹn mu. Bóyá tuntun ni o tàbí tòkúnbọ̀? Èmi fẹ́ràn tòkúnbọ̀ tó jẹ́ ojúlówó ju tuntun tó jẹ́ gbàrọgùdù lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé e sórí bátìrì níwájú rẹ, kó kọrin fún ìdajì wákàtí, kó o sì fi ọwọ́ kan ara rẹ̀. Gbé e sórí imú náà. Èyí tó ti jóná rí tí wọ́n tún ṣe kì í lè fi òórùn yẹn pa mọ́. Bí o kò bá ráyè dúró fún ìdajì wákàtí, lọ ra tuntun.

Ọkọ̀ rẹ ńkọ́? Alternator (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀) irú Corolla yẹn, 80 sí 100A ló sábà máa ń jẹ́, iye yẹn sì jẹ́ ti ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré. Bí o bá dúró nínú gosiló ní òpópónà Ọba Adésídà, tí AC ń ṣiṣẹ́, tí iná iwájú wà ní títàn, ohun tó ń mú jáde ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. 400 wọ́ọ̀tì class D, bí ohùn bá dún ní kíkún láìdáwọ́ dúró, á fa nǹkan bíi 36A. Orin kì í dún báyẹn, ìlù á dún á sinmi, nítorí náà Corolla lè gbé e láìsí pé o fi bátìrì kejì kún un. Bó bá jẹ́ 1400 gidi lo lọ rà, ó lé ní 120A, ẹ́ńjìnì ò sì tíì jẹ nínú rẹ̀. Èyí nìkan tó kó o gbàgbé áńpílífáyà 1400 tí wọ́n ní kó o wá.

Wáyà tí yóò gbé iná láti bátìrì dé búùtù, 4 gauge ni kó jẹ́, kó sì jẹ́ bàbà gidi. Fi ọ̀bẹ ha ojú ọ̀kan nínú okùn rẹ̀: bó bá pupa dé inú, bàbà ni, bó bá funfun lábẹ́ àwọ̀ pupa, alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn ní bàbà ni, kò sì lè gbé iná tó ti bàbà. Fíúsì ńlá gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà yìí, kó má jìnnà sí bátìrì ju 45 sẹ̀ǹtímítà lọ. Wáyà náà ni fíúsì yẹn ń ṣọ́. Bí ara rẹ̀ bá bó tó sì kan irin ọkọ̀ níbi tó ti ń gba ara iwájú kọjá, fíúsì nìkan ló wà láàárín ọkọ̀ rẹ àti iná. Kí wáyà ohùn gba ìhà kejì ọkọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wàá máa gbọ́ híín-híín tó ń bá ẹ́ńjìnì lọ sókè sódò.

Ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà nẹ́gẹ́tíìfù tí wọ́n ń dè mọ́ irin ọkọ̀, ni ibi tí èmi fúnra mi ti jẹ́bi rí. Ọkọ̀ Camry kan wà, iná iwájú rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí bass bá ti dún. Mo sọ fún ẹni tó ni ín pé bátìrì rẹ̀ ló ti rẹ̀, ó ra tuntun, iná ṣì ń ṣẹ́jú. Mo ní kó fi ìkejì kún un, ó fi kún un, iná ò jáwọ́. Ọjọ́ kan ni mo dọ̀bálẹ̀ sínú búùtù, mo tú nọ́ọ̀tì ẹ́ẹ̀tì, mo bá ọ̀dà lábẹ́ rẹ̀, ó ń dán gbinrin. Ojú ọ̀dà ni ọmọṣẹ́ mi de wáyà mọ́, èmi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi sáńpépà ha á títí irin fi funfun, mo dè é padà, ọ̀rọ̀ tán. Mo dá owó bátìrì kan padà fún ọkùnrin náà, èkejì ó ní kí n jẹ́ kó wà. Nítorí náà, kí ẹ́ẹ̀tì rẹ kúrú, kó wà lórí irin ọkọ̀ gan-an tí wọ́n ti ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò, kí wáyà rẹ̀ sì nípọn tó ti pósítíìfù. Kí ríwáyà fi mítà wọ̀n ín lójú áńpílífáyà nígbà tí orin ń dún: bí fóòtì bá ń já wálẹ̀ sí 12 tàbí tó tún kéré sí i nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ohun kan wà tí kò dáa, èmi ò sì lè rí i láti ibi tí mo jókòó sí.

Ó kan kápẹ́ńtà wàyí. Awọ wúfà máa ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ó ń ti òmíràn sẹ́yìn, àwọn méjèèjì sì lòdì síra. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á pa ara wọn. Ìdí nìyí tí wúfà tí kò sí nínú àpótí fi ń jó gbọ̀ọ́rọ̀gbọ̀ọ́rọ̀ láìsí ohùn. Àpótí tó dí pa há afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn mọ́nú. Afẹ́fẹ́ náà á wá dà bíi rọ́bà tó ń fa awọ padà sáyè rẹ̀, ìlù á dún, á sì dákẹ́ lásìkò. Àpótí oníhò máa ń lo afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn náà, ó ń tò ó gba inú páìpù kó lè bá ti iwájú rìn, ìdí nìyẹn tó fi ń pariwo jù níbi ohùn kan pàtó tí wọ́n bá kọ́ ọ fún. Ṣùgbọ́n bí orin bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibẹ̀, rọ́bà afẹ́fẹ́ yẹn ti já. Awọ wúfà á máa fò síta fò wọlé láìsí ohun tó dì í mú, bẹ́ẹ̀ ohùn náà ò sì dé etí.

Àwọn èèyàn rò pé ihò lásán ló ń mú ohùn jáde. Jẹ́ kí n fi ìṣirò hàn ọ́. Àpótí lítà 55, páìpù omi ínṣì 4 kan ṣoṣo tó gùn tó 31 sẹ̀ǹtímítà: ibi tí àpótí yẹn ti ń dún jù á wà nítòsí 34 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá ṣe kéré tó ni ohùn ṣe ń wà nísàlẹ̀ tó), ó dáa fún amapiano. Gbé páìpù kúrò, kó o kàn fi ayùn dá ihò róbótó ínṣì 4 sára pákó bí àwọn kápẹ́ńtà wa ṣe máa ń ṣe, ibẹ̀ á fò lọ sí nǹkan bíi 70 Hz. Ohun tí wàá máa gbọ́ ni ohùn kan ṣoṣo, búú, búú, orin yòówù kó jẹ́, ohun tó sì wà nísàlẹ̀ 70, níbi tí bass gan-an wà, awọ wúfà á máa gbọ̀n lórí asán. Okùn tó nípọn jù lára gìtá bass, 41 Hz ló wà. Àpótí oníhò lásán ò ní mú un jáde. Àwọn ọkọ̀ tó ń gba iwájú ilé wa kọjá lóru, tí nọ́ńbà ẹ̀yìn wọn ń gbọ̀n ju ohùn lọ, ọ̀pọ̀ wọn, ohun tí wọ́n gbé sí búùtù nìyẹn.

Fún ìwọ tí fújì àti orin ìyìn ni tìrẹ, àpótí tó dí pa ni màá mú. Ìlù fújì ń sáré, ọ̀kan ò ní tán kí òmíràn tó dé. Àpótí oníhò tí wọn ò kọ́ dáadáa á máa fa ohùn ti àkọ́kọ́ bá ti èkejì. Mo fẹ́ kó o mọ èyí pẹ̀lú: ohùn gángan kò sí lọ́wọ́ wúfà. Wúfà ò gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bíi 80 Hz, sípíkà ilẹ̀kùn ló ni gángan. Bí ti Corolla rẹ bá ti ya, wúfà ò ní gbà ọ́. Àbùkù àpótí dídí ni pé kì í pariwo tó oníhò fún iná kan náà. Bó bá jẹ́ amapiano lò ń gbọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó o sì rí kápẹ́ńtà tó lè tẹ̀ lé ìwọ̀n láìfi ojú díwọ̀n, oníhò ni màá ní kó o ṣe. Àpótí dídí máa ń dárí jini bí ìwọ̀n bá fi lítà mẹ́ta yẹ̀, oníhò kì í dárí jini.

Ìwọ̀n wo? Ọ̀pọ̀ wúfà ínṣì 12 fẹ́ràn lítà 25 sí 35 nínú àpótí dídí. Sọ fún kápẹ́ńtà pé kó fi pákó MDF (èyí tí wọ́n fi fọ́nrán igi lẹ̀ pọ̀ ṣe) mílímítà 18 ṣe é, 45 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀, 38 ní gíga, 30 ní jíjìn, kí wọ́n wọn gbogbo rẹ̀ láti ìta. Inú rẹ̀ á jẹ́ 41.4 lọ́nà 34.4 lọ́nà 26.4, ìyẹn lítà 37 àti ààbọ̀. Wúfà fúnra rẹ̀ á gba bíi lítà mẹ́ta nínú rẹ̀. Mo ṣe é báyìí nítorí pé kápẹ́ńtà kan bá mi ka ìwọ̀n ìta bí ẹni pé ti inú ni. 45 lọ́nà 38 lọ́nà 30 jẹ́ lítà 51, ó lé ní lítà 13 tó ti sọnù sínú pákó kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan ò ní ṣàì sọ fún ọ pé pákó wà ní Oǹdó, kí ló dé tí a ó lo MDF? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi arẹ̀rẹ̀ ṣe àpótí kan, ó fúyẹ́, ó dán, gbogbo èèyàn ń yìn ín. Oṣù Kọkànlá kọjá, ọyẹ́ dé, pákó sún kì, oríkèé kan là, àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé fùú bí bass bá ti dún. Pákó odindi máa ń wú lójò, a sì máa sún kì lọ́yẹ̀ẹ́. MDF kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀tá rẹ̀ ni omi: bí búùtù rẹ bá ń jò, á rọ̀ bíi búrẹ́dì inú tíì, lọ ra plywood tó nípọn tó mílímítà 18 dípò rẹ̀. Kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù igi sí gbogbo oríkèé kí wọ́n tó fi skúrù dè é, ìṣó ò tó. Kí wọ́n fi sílíkónì yí gbogbo igun inú ká, kó gbẹ fún ọjọ́ kan gbáko kí wúfà tó wọlé, nítorí èéfín sílíkónì tútù kò dára fún rọ́bà etí wúfà. Tó bá ti parí, tẹ awọ wúfà wọlé pẹ̀lẹ́ kó o sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jí lójú oorun, àpótí dí. Bó bá padà fìrì, wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.

Gain kì í ṣe bọ́tìnì ìpariwo. Fi bass boost sí òdo, fi ìdíwọ́n ohùn (bọ́tìnì tí kì í jẹ́ kí ohùn tó ga jù dé wúfà) sí 80 Hz, yọ wáyà wúfà, yí rédíò dé mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀, kó o fi ohùn 50 Hz láti orí fóònù sí i. Gbé mítà sórí fóòtì AC, fi kan ẹnu tí áńpílífáyà fi ń gbé ohùn jáde, kó o wá máa yí gain díẹ̀díẹ̀. Bí o bá ń lépa 300 wọ́ọ̀tì ní 2 ọ́ọ̀mù, 24.5 fóòtì ni kó o dúró sí. Ríwáyà lè rẹ́rìn-ín rẹ. Jẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

Ní ti ríwáyà yìí, àgbà ni, ó sì lè jẹ́ òun ló ń tún ọkọ̀ rẹ ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Má sọ fún un pé ọjà rẹ̀ ò dáa. Sọ pé o ti rí mónò kan, pé ọwọ́ rẹ̀ lo fẹ́ kó de é, kó o sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ pé. Kó fi bóòtù de àpótí mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó, nítorí ẹrù tó wúwo tó nǹkan bí ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì kì í dúró jẹ́jẹ́ nígbà tí o bá tẹ bíréèkì lójijì, kó má sì dí ọ lọ́wọ́ taya àfirọ́pò. Bí o bá rí ìwé pélébé inú páálí yẹn, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí kápẹ́ńtà tó fi ayùn kan pákó. Lítà tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ni kó o tẹ̀ lé, má tẹ̀ lé èyí tí mo kọ síbí.